Èkó sí Kánò, Wákàtí Kan Àbọ̀

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ro ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo mú bàbá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánò. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ń gbé nǹkan kaná, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀!

Rafatu ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹdẹ níbí. Bàbá mi, awakọ̀ lọ́rì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Obì gbàǹja ni wọ́n máa ń kó láti Ẹdẹ lọ sí Kánò. Títí di òní, Bàbá Dírẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ kan sítíárì gbẹ̀yìn.

Ojú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Lákọ̀ọ́kọ́, a rò pé ọjọ́ orí ni. Wọ́n á bu omi, omi á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Wọ́n á jáde ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á wọ bàtà ẹlòmíì. A máa ń fi ṣe àwàdà. Ó di ọjọ́ tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lójúde, tí wọn ò rí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, tí wọ́n ṣubú. Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé àwàdà ti tó.

Dókítà ojú yẹ̀ wọ́n wò, ó sì jókòó tì wá. Ó ní ìfúnpá ti pọ̀ jù nínú ojú wọn, ó sì ti ń pa iṣan tí wọ́n fi ń ríran láti ọjọ́ pípẹ́. Ti òsì ti lọ pátápátá. Ti ọ̀tún ń ti etí lọ, ó ku àárín. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ wojú ọ̀run nígbà tí a wà lọ́mọdé? Bí bàbá mi ṣe ń rí gbogbo ayé nìyẹn.

Ó ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ó sì ní òun ò ní tàn wá: iṣẹ́ abẹ kò lè dá ohun tó ti lọ padà, ó kàn lè dá èyí tó kù dúró ni. Nígbà mìíràn sì rèé, ẹni tí tirẹ̀ bá ti kéré tó báyìí lè pàdánù èyí tó kù náà. Ó fún wa ní ọjọ́.

A wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. A dé ìdí afárá. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti sọ pé, "Làdì, mo fẹ́ lọ rí Sání kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ojú mi."

Ẹ máa bi mí pé ta ni Làdì. Èmi náà ni!

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ bí mi, Kánò ni bàbá mi wà. Lọ́rì wọn ti ṣubú nítòsí Sáríà, ẹsẹ̀ wọn sì kán. Màlámù Sání, ọ̀rẹ́ wọn tó máa ń gba obì lọ́wọ́ wọn, ló wá gbé wọn lọ sílé ara rẹ̀. Ìyá Màlámù Sání ló ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà, ló ń gbé oúnjẹ ka iwájú wọn, títí wọ́n fi tún lè rìn. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti dé bá wọn pé ìyàwó wọn ti bí obìnrin nílé, lọ́jọ́ Àìkú. Màlámù Sání ní Làdì nìyẹn, torí bí àwọn Haúsá ṣe ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn. Bàbá mi sì gbé orúkọ náà wálé.

Ẹni tó sọ mí lórúkọ, mi ò fojú kàn án rí. Ọdọọdún la ń sọ pé a máa lọ kí i, a ò lọ. Láàárín èmi àti ẹ̀yin, ó ń dun èmi náà.

Mo kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbùjá. Ọmọ Màlámù Sání ní fóònù tó ń gbé àwòrán, èmi náà ní. Mo pè é, mo gbé fóònù síwájú bàbá mi. Màlámù Sání wà níbẹ̀ gbọnrangandan, irùngbọ̀n funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ń yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí i sósì, wọ́n ń bi í pé níbo ló wà. Ó ń sọ pé òun nìyí, òun nìyí. Iná fóònù nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní kí n pa á.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu. Mo ní a máa lọ.

Bọ̀dá Mùfútáù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Èkó, ní a ò ní lọ. Wọ́n bá mi sọ ọ́ lórí fóònù títí etí mi fi gbóná. Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ nípa àwọn ajínigbé tó wà lójú ọ̀nà òkè Ọya ni? Wọn ò parọ́. Mo ní ta ló sọ pé ọ̀nà ilẹ̀ la máa gbà? Wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú! Àgbàlagbà tí ò wọ̀ ọ́ rí! Wọ́n ní tí nǹkan bá ṣe Bàbá, ọrùn mi ló wà. Mo padà lọ bi dókítà. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kò ní pa ojú náà lára, kí a ṣáà má jẹ́ kí oògùn tí wọ́n ń kán sí i já. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá. Wọ́n ní kí n ṣe bó ṣe wù mí, ṣùgbọ́n ohùn wọn kì í ṣe ti ẹni tó gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jókòó ti bàbá mi lójúde, mo bi fóònù mi pé báwo ni pápákọ̀ òfuurufú Èkó ṣe jìnnà sí ti Kánò. Ó ní tí a bá fa ìlà tààrà, ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin kìlómítà. Ó ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú máa fi fò ó. Mo kà á sókè.

Bàbá mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wà á," ni wọ́n wí, "ìyẹn tí Ọlọ́run bá bá mi ṣe é tí táyà ò bẹ́."

Wọ́n wá bi mí pé ọ̀nà wo ni ọkọ̀ náà ń gbà. Ṣé ó ń gba Jẹ́bà? Mo wo ìlà tí fóònù fà sórí máàpù. Ẹ gbà mí! Ìlà náà kúrò ní Èkó, ó fẹ̀gbẹ́ kan Ìbàdàn, ó sì gba orí Ẹdẹ kọjá lọ sí òkè Ọya. Orí ilé wa níbí!

Ẹ bá mi rò ó wò. A máa jókòó sínú mọ́tò fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí a tó dé Èkó, kí ọkọ̀ òfuurufú lè tún gbé wa gba orí òrùlé wa kọjá. Mo wá ọkọ̀ tó ń gbéra tààrà láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lọ sí Kánò lọ́jọ́ tí a fẹ́ yẹn, mi ò rí. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi, mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní kò burú, ká ṣáà ti débẹ̀.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. (Iye tó jẹ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Mo sì fara balẹ̀ yan síìtì. Ojú ọ̀tún ni wọ́n fi ń ríran, nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá ọ̀tún ni mo yàn fún wọn.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọ ìsinmi, a gbéra. A kí ìrun àárọ̀ tán, a gba Sekona jáde, a já sí ọ̀nà Ìbàdàn. Bàbá mi gbé apẹ̀rẹ̀ obì gbàǹja kékeré kan lé ẹsẹ̀, wọ́n fi ewé tútù bò ó. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e. A sùn sílé Bọ̀dá Mùfútáù ní Èkó, àwọn náà ló sì wà wá lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ kejì. Bàbá nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní kí a ṣí apẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ṣí i, wọ́n sì mú obì kan, wọ́n nà án sí ọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí a máa lọ.

A dé yàrá ìdúró. A jókòó. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kéde pé ọkọ̀ wa á pẹ́ díẹ̀. Kò burú. Wọ́n tún kéde. Àwọn tó ń lọ sí Àbújá dìde, wọ́n lọ. Ti Port Harcourt dìde, wọ́n lọ. A jẹ ìpápánu tán, a kí ìrun ọ̀sán, a tún padà wá jókòó. Wọ́n ní ọkọ̀ mìíràn ló ń bọ̀ wá gbé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ òfuurufú déédéé, ṣé ohun tí ojú yín ń rí nìyí? Fóònù ò sọ èyí fún mi! Wákàtí kan àbọ̀ ló kà fún mi.

Mo ń wo bàbá mi, mo ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni Bọ̀dá ń sọ, pé agídí tèmi ló gbé àgbàlagbà sórí àga líle láti àárọ̀. Ni Bọ̀dá bá pè. Wọn ò tíì kúrò ní pápákọ̀! Ìta ni wọ́n ti ń dúró látàárọ̀, nínú mọ́tò. Wọ́n ní kí n gbé Bàbá jáde, ká máa lọ sílé, wọ́n ní Ọlọ́run ti fi hàn wá pé ìrìn àjò yìí ò sí.

Mo gbé fóònù sétí bàbá mi. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Mùfútáù," ni wọ́n wí, "mo ti sun ìdí lọ́rì ní Jẹ́bà rí fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹ́ńjìnnì, mi ò sì yí obì padà wálé. Abẹ́ fáànù ni mo wà yìí. Ilé rẹ ni kí o máa lọ, kí o lọ jẹun."

Bọ̀dá ò lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé ká padà mọ́. Nígbà tí wọ́n tún pè, ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé mo ti kán oògùn ọ̀sán sí Bàbá lójú. Mo ní mo ti kán an. Wọ́n ní ó ṣeun.

Nígbà tí wọ́n máa pè wá, síìtì ti yí padà nítorí ọkọ̀ tuntun. Wọ́n fi bàbá mi sí àárín lápá òsì! Mo padà sí ọ̀dọ̀ obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú fún un. Àánú ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ ti kún, kí n wọlé lọ bẹ ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí fèrèsé.

Mo wọlé. Lápá ọ̀tún, ọkùnrin Haúsá kan tó sanra, tó wọ bàbáríga, ti jókòó ti fèrèsé, ó ti di bẹ́líìtì, ó ti pajú dé. Ṣé ẹ̀yin á jí i? Mo jí i o! Mo bá a sọ gẹ̀ẹ́sì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó ní òun fẹ́ sùn, òun kì í lè sùn láìfara ti ẹ̀gbẹ́. Àwọn èrò ti ń tò sẹ́yìn mi. Mi ò kúrò. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú wọn.

Ó yọjú wo bàbá mi, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ rí gan-an nísàlẹ̀. Bàbá mi fi èdè Haúsá dá a lóhùn. Èdè Haúsá wọn ṣì dán bí èyí tí wọ́n kọ́ lánàá. Mo wá gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà: wọ́n ní àwọn ti gbé obì gba ọ̀nà yìí títí irun àwọn fi funfun, wọ́n sì fẹ́ wo bí ó ṣe rí lójú Ẹni tó ń ti òkè wò ó.

Ọkùnrin náà tú bẹ́líìtì, ó sì dìde.

Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, bàbá mi dì mí lọ́wọ́ mú, ẹnu wọn ò dákẹ́ àdúà. Ìgbà tó tẹ́jú lókè, wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n fi iwájú orí ti fèrèsé. Kùrukùru ló wà nísàlẹ̀, ó funfun bí òwú. Kò pẹ́ rárá, mo fojú bu ìrìn wa, mo sọ fún wọn pé ó yẹ kó jẹ́ pé a ti wà lórí Ẹdẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé awakọ̀ wọn ò lè sọ̀ wá kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí àwọn wo ilé. Ọkùnrin bàbáríga náà, tó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Oorun tó ní òun fẹ́ sùn, kò sùn ún mọ́!

Kùrukùru ò là. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ṣé gbogbo ìyà yìí, kùrukùru la wá wò?

Lẹ́yìn náà ló ṣí. Ilẹ̀ hàn, ewé àti erùpẹ̀ pupa. Ọkùnrin náà gba orí bàbá mi nàka sísàlẹ̀. Odò kan ń dán, ó fẹ̀, ó ń wọ́ lọ láàárín ilẹ̀ gbígbẹ. Odò Ọya ni.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí i?"

Wọ́n ń yí orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé. Nígbà tó yá, wọ́n béèrè pé Jẹ́bà ńkọ́, afárá ńkọ́. Mo sọ òtítọ́ fún wọn, pé Jẹ́bà jìnnà sí wa lápá òsì, a ò lè rí i. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é, odò kan náà ni. Títí odò fi lọ tán, wọn ò gbé orí kúrò. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, omi ti rin àpá ibi tí iwájú orí wọn wà lára fèrèsé.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní kí a di bẹ́líìtì, a ti dé Kánò. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Oòrùn ti ń lọ sílé nígbà tí a jáde. Màlámù Sání wà níta lórí àga kan tí ọmọ rẹ̀ gbé wá fún un, àwọn náà ti ń dúró látọ̀sán. Ọkùnrin gíga ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó rí wa kí a tó rí i, ó sì dìde.

Mo mú bàbá mi lọ bá a. Wọn ò dì mọ́ra lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé èjìká rẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn. Nítorí bí ojú wọn ṣe kéré tó, wọn ò lè rí gbogbo ojú ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fìlà ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n sọ orí kalẹ̀, wọ́n rí ojú. Wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n rí irùngbọ̀n. Wọ́n ń ṣa ojú ọ̀rẹ́ wọn jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Màlámù Sání dúró bí ọ̀pá, kò mira, ó jẹ́ kí wọ́n ṣà á tán.

Bàbá mi ní, "O ti darúgbó, Sání."

Màlámù Sání gbọ́ Yorùbá, Ẹdẹ ló ti kọ́ ọ nígbà tó ń wá ra obì. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Mo ṣe bí bàbá rẹ ló ń bọ̀."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi dì mọ́ra. Àwọn èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù. Èmi dúró pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì, mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Ó yá, Màlámù Sání wá fi ọwọ́ pè mí, ó ní Làdì, kí n wá, kí òun wo ọmọ tí Ọlọ́run fi rọ́pò ẹsẹ̀ bàbá mi tó kán. Mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níbẹ̀.

A lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Kò sí nǹkan ńlá kan tí a ṣe. Wọ́n lọ sí ibojì ìyá Màlámù Sání, bàbá mi ṣe àdúà níbẹ̀, ó pẹ́. Ìyókù, abẹ́ igi dógóńyárò ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń jẹ obì, wọ́n ń jà lórí ẹni tó jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ obì kan tó jẹrà kí wọ́n tó bí mi.

Nígbà tí a padà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Bọ̀dá Mùfútáù wá láti Èkó, àwọn ló sì sùn ti Bàbá ní ọsibítù. Ọjọ́ tí wọ́n tú bàńdéèjì, bàbá mi rí ọwọ́ dókítà, wọ́n sì ka ìka rẹ̀. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní fi irọ́ pa á pọ̀ fún yín. Láàárín oṣù díẹ̀, ó tún ń dínkù. Báyìí, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́.

Nígbà tí ó di bẹ́ẹ̀, mo rò pé wọ́n máa banújẹ́, kí n sì banújẹ́ pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo gbọ́ tí ọmọ mi bi wọ́n pé báwo ni bàbá Kánò yẹn ṣe rí. Wọ́n sọ fún un. Wọ́n ní eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, àpá kan wà lókè ojú rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó bá ń rẹ́rìn-ín ojú rẹ̀ á fún pọ̀. Kì í ṣe Sání ìgbà èwe ni wọ́n ń ròyìn. Sání tòní ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Fóònù lè sọ bí pápákọ̀ méjì ṣe jìnnà síra wọn fún yín, ó sì lè sọ iye wákàtí tí ọkọ̀ máa fi fò ó, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ nìkan ló kà. Kò ka ọ̀nà Ẹdẹ sí Èkó mọ́ ọn, kò ka ìjókòó àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò ka ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Kò sì ka gbogbo ọdún tí a fi ń sọ pé a máa lọ, tí a ò lọ. Ìyẹn ló gùn jù nínú ìrìn àjò náà, a ò sì tíì kúrò nílé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti ń sọ pé ẹ máa lọ rí? Ìlú wo ló wà? Tàbí ta ni ẹ ti lọ rí, tí inú yín dùn pé ẹ lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á fún bàbá mi. Àwọn tí wọn ò tíì lọ, ẹ má kọ nǹkan kan sí mi ná. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni náà, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún un.